Ibi Tó Yẹ Kí Á Gbé Táyà Ìpààrọ̀ Sí Lára Jíìpù Tó Ń Wọ Ọ̀nà Gbágungbàgun

Táyà ìpààrọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ mọ̀ sí ẹ́sítírà, kì í ṣe ẹrù kékeré. Táyà jíìpù tó ga tó 80 sẹ̀ńtímítà, pẹ̀lú rímù rẹ̀, sábà máa ń wọ̀n tó 30 sí 35 kílò. Bí ẹ bá sì ti pààrọ̀ táyà ọkọ̀ yín sí èyí tó ga tó 89 sẹ̀ńtímítà, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní íǹṣì 35, ó lè kọjá 40 kílò. Lójú ọ̀nà ọ̀dà, ibi yòówù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bá gbé e sí kì í fi bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ lára. Ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀, nínú iyanrìn àti lórí àpáta, ibi tí ìwúwo yẹn wà ló máa sọ bóyá ìdí ọkọ̀ yóò máa ha ilẹ̀, bóyá ọkọ̀ yóò fẹ́ dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, àti bóyá ọwọ́ yín yóò tó táyà náà lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó máa tó o yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sí ìgbẹ̀yìn, òun sì ni èmi máa ń kọ́kọ́ bi ara mi: bí ọkọ̀ bá rì dé ikùn, tí táyà kan sì bẹ́, ṣé mo lè yọ táyà ìpààrọ̀ jáde láìkọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sókè? Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wá wo bí ìwúwo náà ṣe lè súnmọ́ ilẹ̀ tó, kó sì wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kò sí ibì kankan tó ṣe gbogbo nǹkan wọ̀nyí tán, nítorí náà ohun tí ẹ ń wá ni ibi tí àléébù rẹ̀ kò ní pa irú ìrìn àjò tí ẹ máa ń lọ lára.

Abẹ́ ìdí ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń so táyà náà rọ̀ sí, bó ṣe rí lára Toyota Hilux àti Land Cruiser 200. Ṣéènì tàbí wáyà ló gbé e dúró, irin gígùn kan tí a ń kì bọ ihò lẹ́bàá bọ́ńpà ẹ̀yìn la sì fi ń yí i wálẹ̀. Àǹfààní ibẹ̀ kò kéré: ìwúwo náà súnmọ́ ilẹ̀, kò gba àyè ẹrù, kò sì dí awakọ̀ lójú. Bí ó bá jẹ́ pé irú táyà tí ọkọ̀ gbé wá láti ilé iṣẹ́ lẹ ṣì ń lò, tí ọ̀nà yín kò sì ju ọ̀nà eléruku àti ẹrẹ̀ díẹ̀ lọ, mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi náwó láti gbé e kúrò níbẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gòkè kúrò nínú kòtò, ìdí rẹ̀ a máa kanlẹ̀, táyà tó rọ̀ síbẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Bí ọkọ̀ bá wá jókòó sínú ẹrẹ̀, táyà ìpààrọ̀ ti wà lábẹ́ ẹrẹ̀ nìyẹn. Táyà tó bá ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ kì í sábà gba ibẹ̀ pàápàá, nítorí pé páìpù èéfín, bọ́ńpà tàbí ṣásì, ìyẹn irin gbọọrọ tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, yóò dí i lọ́nà.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn sójú. Nígbà kan rí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan lábẹ́ ọkọ̀ níbi tí mo ti ń fi òòlù lu ẹ̀rọ kékeré tó ń yí wáyà náà, nítorí pé ìpata ti mú un gan, táyà tó wà lókè orí mi kò sì wúlò fún mi ju òkúta lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ táyà náà kalẹ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, tí mo ń fọ ẹrẹ̀ tó há sínú rímù rẹ̀, tí mo sì ń fi gíríìsì pa wáyà náà kí n tó yí i padà sókè. Nígbà tí ẹ bá dá a padà, ẹ fi ọwọ́ mì í tìkanra-tìkanra. Bí ó bá ṣì ń mì, kò tíì fún tó, wáyà tó bá sì ń fara ha irin lójoojúmọ́ yóò já níkẹyìn.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni Jeep Wrangler, Suzuki Jimny àti Mercedes G-Class máa ń gbé tiwọn kọ́. Níbẹ̀, ọwọ́ tó o láìfi ikùn wọ́lẹ̀, ẹ sì ń fojú rí i ní gbogbo ìgbà. Àmọ́ ìwọ̀n táyà tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀ ni wọ́n fi ṣírò agbára àgbékọ́ ilẹ̀kùn náà. Bí ẹ bá gbé táyà tó wúwo jù ú lọ kọ́ ọ, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò ni ìwúwo náà ń fa ilẹ̀kùn wálẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ju ìwọ̀n táyà fúnra rẹ̀ lọ. Àgbékọ́ yóò jẹ, ilẹ̀kùn yóò sọ̀, irin pẹlẹbẹ tó yí ojú bọ́ọ̀tì ká yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣí ilẹ̀kùn dé ìdajì, kí ẹ di etí rẹ̀ tó jìnnà sí àgbékọ́ mú, kí ẹ sì gbìyànjú láti gbé e sókè. Bí ó bá gbéra díẹ̀ kó tó dúró, àgbékọ́ náà ti jẹ nìyẹn. Ẹ tún wò ó bóyá táyà ńlá náà kò bo iná bíréèkì àárín, nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí kámẹ́rà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀.

Fún ẹni tó ti gbé táyà ńlá wọ ọkọ̀ rẹ̀, ohun tí mo máa ń dábàá ni apá irin tó ń ṣí bíi géètì, tí a dè mọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn onírin líle. Bó bá jẹ́ èyí tó dáa, ṣásì ni ó ń gbé ìwúwo náà lé, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó rà á, ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: bọ́ọ̀tì tó nípọn ló yẹ kó so bọ́ńpà náà mọ́ ṣásì lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ibi tí apá náà ti ń yí gbọ́dọ̀ ní bẹ́rìnì, kó sì ní ẹnu kékeré tí a lè gba fa gíríìsì sí i. Nígbà tí ẹ bá tì í pa, ó gbọ́dọ̀ fún mọ́ rọ́bà tó fara tì, torí apá tó bá ń dún gbangangbangan yóò já ara rẹ̀ jẹ kí ọdún tó yí po. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí bèèrè ni irin kékeré tí yóò dá apá náà dúró nígbà tó bá wà ní ṣíṣí; bí ọkọ̀ bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkè, tí kò sì sí irin náà, apá yẹn àti táyà orí rẹ̀ yóò kàn padà wá gbá yín ní ẹ̀yìn.

Ìwúwo ni gbèsè tí ẹ ó san fún un. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí àárín ẹsẹ̀ iwájú sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá jẹ́ mítà 2.8, tí táyà tó wọn 40 kílò sì wà ní mítà 1.2 sẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kì í ṣe 40 kílò nìkan ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò gbé, nǹkan bí 57 kílò ni, nítorí pé táyà náà ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè díẹ̀ bí ọmọ tó jókòó sí ìpẹ̀kun pákó. Kílò 17 tó kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ ó mọ̀ lára nígbà tí ẹ bá ń gun òkè tàbí tí ẹ bá ń yà lórí iyanrìn. Bọ́ńpà onírin náà sì lè wúwo ju táyà lọ. Bí ìdí ọkọ̀ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ní láti fi sípíríǹgì tó le sí ẹ̀yìn.

Orí ọkọ̀ ni èmi fi ṣe ibi ìgbẹ̀yìn. Bí ẹ bá gbé 40 kílò sókè ní mítà 1.4 lórí ọkọ̀ tó wọn 2,400 kílò, ibi tí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ kó jọ sí yóò fi nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 2.3 ga sí i. Ó kéré létí, àmọ́ táyà kì í dá wà lókè. Omi, epo àti àgọ́ máa ń bá a dé ibẹ̀, ọkọ̀ tó bá sì ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín fún ìwọ̀n tí orí rẹ̀ lè gbé nígbà tó bá ń rìn, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n kẹ́ríà fúnra rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Land Rover Defender tó jáde ní 2020 lè gbé 168 kílò bí ó bá ń rìn àti 300 kílò bí ó bá dúró; ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò sún mọ́ ọn rárá. Bí kò bá wá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ tẹ́ táyà náà sílẹ̀ gbalaja ní àárín kẹ́ríà, kí ẹ gba okùn ìdẹrù gba inú ihò rímù, kí ẹ sì dè é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Okùn tó kàn gba orí rọ́bà kọjá yóò yọ̀. Ẹ má ṣe dá nìkan sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹnìkejì bá wà.

Inú búùtù dára fún ìwúwo, ó sì bo táyà mọ́lẹ̀ kúrò lójú olè àti oòrùn, àmọ́ ó ń jẹ àyè, ẹrẹ̀ táyà tó bẹ́ yóò sì wọlé padà bá yín. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé ẹ gbọ́dọ̀ dè é mọ́ irin ilẹ̀ ọkọ̀. Táyà tí a kò dè yóò fò bá àwọn èrò iwájú bí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Ti pikọ́ọ̀pù yàtọ̀: ẹ̀yìn rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kángun sí ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ni ibi tó dára jù lọ lójú mi, torí iwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló bọ́ sí, ọwọ́ sì tó o.

Àwọn Land Rover àtijọ́ a máa gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí wọn kò bá ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín fún un, ẹ má dán an wò. Yóò dí awakọ̀ tí kò ga lójú, yóò sì sọ wíwo ẹ́ńjìnnì di iṣẹ́ ènìyàn méjì.

Ibi yòówù tí ẹ bá fi í sí, kí gíga rẹ̀ bá ti mẹ́rin yòókù mu, nítorí pé táyà tó kéré tàbí tó tóbi jù yóò máa fa gíá mọ́ ara wọn bí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń wakọ̀. Ẹ kọjú ẹnu ibi tí a ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ibi tí géèjì lè dé, kí ẹ sì máa wọn ọ́n lóṣooṣù. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àmì DOT, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, pẹ̀lú: 2319 túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é ní ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ń gba oòrùn lórí ilẹ̀kùn lè gbó láìtíì rìn. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ohun ìgbétáyà tuntun mọ́ ọkọ̀, ẹ wa ọkọ̀ náà fún bí 100 kìlómítà, kí ẹ sì tún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà, ẹ mú jáàkì àti sípánà tí ẹ máa ń gbé rìn, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi wọ́n yọ táyà náà nílé, kí ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ kan, kí ẹ sì dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Ohun èlò tí ẹ bá dìde lọ mú láti inú ilé nígbà náà ni èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ kó sínú ọkọ̀.