Bí A Ṣe Ń Gbé Pẹ̀lú Èrò Àìpè, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Abiyamọ kan jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní Yemẹtù, ní Ìbàdàn, ó ń rẹ́ ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀, ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́ta sì sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójijì, èrò kan já wọ ọkàn rẹ̀: bí mo bá fi ọ̀bẹ yìí gún ọmọ yìí ńkọ́? Ara rẹ̀ gbọ̀n rìrì. Ó fi ọ̀rá wé ọ̀bẹ náà, ó tì í sẹ́yìn àgbá omi, láti ọjọ́ náà lọ, ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ń bá a rẹ́ ẹ̀fọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó gbà pé ìkà ènìyàn nìkan ni irú èrò bẹ́ẹ̀ lè wá sí lọ́kàn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní 1978, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn méjì, Stanley Rachman àti Padmal de Silva, fi hàn nínú ìwádìí wọn pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá ni irú èrò yìí máa ń wá sí lọ́kàn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹlòmíràn á mi orí, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, nígbà tí ẹni tí àìsàn kan ń bá jà á dì mọ́ èrò náà, á máa yẹ̀ ẹ́ wò, á sì máa wá ohun tí yóò fi pa á. Bí èyí bá ń gba ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tàbí tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè ṣiṣẹ́ tàbí tọ́jú ilé, ó ti di ohun tí àwọn dókítà ń pè ní OCD (obsessive-compulsive disorder), àìsàn èrò àìpè tí ó ń mú ènìyàn máa ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe. Kì í ṣe wèrè. Ẹni tí ó ń ṣe mọ̀ pé ọkàn òun ni èrò náà ti wá, ó sì kórìíra rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ràn jù ni èrò àìpè máa ń fọwọ́ kàn: ó ń fi ọmọ dẹ́rù ba ìyá, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run dẹ́rù ba olùfọkànsìn.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ níbi àlùwàlá. Omi búútà kan tó ènìyàn, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni mo máa ń lò. Bí mo bá ti fọ ẹsẹ̀ tán, tí mo fẹ́ dìde, èrò kan á sọ pé omi kò kan ìgúnpá òsì, èmi náà á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan nígbà ọyẹ́, awọ ìka mi ti sán, wọ́n sì ti kírun tán kí n tó wọ mọ́ṣáláṣí. Àwọn ààfáà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, wáswáàsì ni wọ́n ń pè é, òfin kan sì wà nínú fíkíhì, ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, pé iyèméjì kì í ba ìdánilójú jẹ́. Ààfáà tí ó kọ́ mi ní òfin náà ṣe mí lóore púpọ̀. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni mo ń padà lọ bi í ní ìbéèrè kan náà, bíbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ sì ti di ara àìsàn.

Bí àìsàn yìí ṣe ń sanra nìyí. Èrò dé, ẹ̀rù bà wá, a ṣe nǹkan kan láti fi lé ẹ̀rù náà, a fọ ọwọ́, a fa àgádágodo wò, a sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" lẹ́ẹ̀méje, ara sì tù wá díẹ̀. Ìtura kékeré yẹn ni oúnjẹ rẹ̀, nítorí ọpọlọ á gbà pé ewu wà lóòótọ́, àti pé ohun tí a ṣe ni ó gbà wá. Kíkọ̀ fún èrò pé kó má wá kò sì ṣe é gbára lé. Ní 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn ènìyàn má ṣe ronú nípa béárì funfun fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n sì máa lu aago bí ó bá wá sí wọn lọ́kàn. Wọn kò yé lu aago. Nítorí náà, ẹ má bá èrò jà. Ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn tí èrò bá dé ni kí ẹ mójú tó, nítorí òun ni ó wà ní ìkáwọ́ wa.

Ìtọ́jú tí ó lágbára jù dúró lé èyí. Ní 1966, Victor Meyer, onímọ̀ nípa ọkàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ròyìn àwọn aláìsàn méjì tí a mú kí wọ́n kojú ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, tí a kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣe àṣetúnṣe wọn, ara wọn sì yá sí i. Bí ẹ bá rí onímọ̀ tí yóò tọ́ yín sọ́nà, ẹ bá a ṣe é. Ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ báyìí nílé. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé: èrò tí ó wá, ohun tí ẹ ṣe sí i, àti iye ìṣẹ́jú tí ó gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ to ohun tí ẹ ń sá fún bí àkàbà, kí ẹ sì fi òǹkà 0 sí 100 díwọ̀n ẹ̀rù orí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti abiyamọ wa lè lọ báyìí: kí ọ̀bẹ wà lórí tábìlì nígbà tí ọmọ wà nínú yàrá, 30, kí ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ kí ìyá ọkọ gbé ọmọ dání, 50, kí ó rẹ́ ẹ̀fọ́ kí ọmọ sùn sórí ẹní, kí ẹlòmíràn wà nítòsí, 70, kí ó ṣe é ní òun nìkan, 90. Orí 30 ni ó ti máa bẹ̀rẹ̀. Kí ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù náà, kí ó má sá, kí ó má béèrè, títí yóò fi rí i pé òun lè gbé ẹ̀rù náà láìṣe ohunkóhun. Kí ó tún un ṣe lójoojúmọ́ kí ó tó gun ìgbésẹ̀ tí ó kàn.

Oníṣòwò aṣọ kan ní Gbági tí ó máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú takisí Micra láti padà lọ wo àgádágodo ìsọ̀ rẹ̀ yóò tì í lẹ́ẹ̀kan, yóò fi ojú wò ó, yóò sì máa lọ. Bí èrò bá sọ pé kò tì í, kí ó má dáhùn pé "mo tì í o." Kí ó sọ pé, "Ó lè wà ní títì, ó lè wà ní ṣíṣí, ilé ni mò ń lọ." Ó le láti sọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àìdánilójú yẹn gan-an ni a ń kọ́ láti máa gbé pẹ̀lú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni àṣetúnṣe inú ọkàn, èyí tí ojú kò rí. Kíka nǹkan nínú ọkàn, rírántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yíyẹ ara ẹni wò bóyá a fẹ́ ṣe ohun búburú náà lóòótọ́, títọrọ àforíjì fún èrò tí a kò pè: gbogbo rẹ̀ ni ó ń bọ́ àìsàn náà. Kí ẹ gbàdúrà, nígbà tí àkókò àdúrà bá tó, kì í ṣe láti fi pa èrò. Mo rọ àwọn pásítọ̀ àti ààfáà pé kí wọ́n má ṣe sọ pé ẹ̀mí èṣù ni, nítorí ọ̀rọ̀ náà á tún sọ ẹ̀rù di ìlọ́po méjì.

Ẹ̀yin ará ilé, bí ìyàwó bá bi ọkọ ní ìgbà ogún lójúmọ́ pé, "Bàbá Ayọ̀, ṣé mi ò ní pa ọmọ yìí lára?", ìdáhùn onífẹ̀ẹ́ ni pé, "Ìyá Ayọ̀, a ti jọ gbà pé mi ò ní dáhùn èyí mọ́. Mo wà níbí." Ẹ kọ́kọ́ jọ fẹnu kò sí i, kí ó má dà bí ìkọ̀sílẹ̀.

Oògùn pẹ̀lú wà. Fluoxetine àti sertraline ni dókítà sábà máa ń kọ, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí agbára wọn tó hàn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìwọ̀n tí ó ju èyí tí wọ́n ń lò fún àìsàn ìbànújẹ́ ọkàn lọ. Ẹ má rà á fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ẹ má sì dá a dúró lójijì. Ẹni tí ó lóyún tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà.

Ní Ìbàdàn, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn UCH; ẹni tí Abẹ́òkúta bá sì rọ̀ lọ́rùn lè lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aro. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ sọ èrò náà gan-an bí ó ṣe rí, ẹ má fi "ọkàn mi kò balẹ̀" bò ó. Ṣùgbọ́n bí abiyamọ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó bá gbà pé ọmọ náà kì í ṣe ènìyàn, tàbí tí ẹnikẹ́ni bá ń pète láti pa ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Èrò náà lè padà wá nígbà tí oorun kò bá tó, lẹ́yìn ìbímọ, tàbí nígbà ààwẹ̀. Mo ṣì ní ìwé àkàbà tèmi nínú àpò. Ní ọjọ́ tí mo bá rí ara mi tí mo na ọwọ́ sí búútà kejì, mo máa ń gbé e sílẹ̀ bí omi ṣe wà nínú rẹ̀, màá sì lọ kírun pẹ̀lú ìgúnpá tí kò dá mi lójú.