Jíà máíkírósíkóòpù yín ti káyín? Ẹ má tíì jù ú nù

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní láàbù iléèwé àti ti ọsibítù, ẹ jọ̀ọ́, tí nọ́ọ̀bù ńlá ara máíkírósíkóòpù bá ń yí lásán, tí stage (pẹpẹ tá à ń gbé ohun tá a fẹ́ wò lé) ò gòkè tí ò sì sọ̀, lẹ́ńsì ẹ̀ ṣì lè mọ́ kedere o, ó lè jẹ́ jíà oníke inú ẹ̀ ló káyín. Ẹ lè fi 3D printer, ẹ̀rọ tó ń fi ike mọ nǹkan ní ìpele ìpele, ṣe òmíràn.

Ẹ máa ya fọ́tò bẹ́ ẹ ṣe ń tú u. Ẹ wá wo gúrísì àtijọ́ ibẹ̀ dáadáa, òun ló sábà máa ń pa jíà: ó ti gan bí oje igi, nọ́ọ̀bù á le, èèyàn á fi agbára yí i, eyín á já. Tẹ́ ò bá fi kẹrosíìnì àti òwú nu gbogbo ẹ̀ kúrò lára irin, jíà tuntun náà á ṣẹ́ ni. Kẹrosíìnì ò gbọ́dọ̀ kan lẹ́ńsì o!

Ìwọ̀n gan-an niṣẹ́. Ẹ ka eyín, títí kan àyè èyí tó ti já, kẹ́ ẹ fi vernier kálípà (irinṣẹ́ tó ń wọn ohun kékeré) wọn jíà láti orí eyín dé orí eyín tó kọjú sí i. Ẹ fi 2 kún iye eyín, kẹ́ ẹ fi pín ìwọ̀n yẹn, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni module, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí eyín jíà ṣe tóbi tó. Eyín 24, ìwọ̀n 13 mm, 13 pín sí 26 jẹ́ 0.5, ó parí. Tó bá jẹ́ 0.49, 0.5 náà ni, orí eyín ló ti jẹ díẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí 0.53, ẹ má fipá sọ ọ́ di 0.5, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jíà tí wọ́n fi ínṣì wọn ni, 48 DP (DP ni bí wọ́n ṣe ń sọ ìtóbi eyín tí wọ́n bá ń lo ínṣì dípò module). Tí iye eyín ò bá ṣeé pín sí méjì, kálípà máa fún yín ní iye tó kéré, torí náà ẹ wọn láti etí ihò àárín jíà dé orí eyín, ẹ fi ìdajì ihò kún un, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

FreeCAD, sọ́fíwìa tí wọ́n fi ń ya àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè ya jíà fúnra ẹ̀. Ẹ ya ihò kó fi 0.2 mm fẹ̀ ju ọ̀pá tó máa wọ inú ẹ̀ lọ, torí ihò máa ń há tí 3D printer bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Eyín module 0.5 ò nípọn tó 0.8 mm, nozzle (ẹnu tí ike ń gbà jáde lára printer) 0.4 mm á kàn fa ìlà méjì péré, kò ní lágbára, ẹ lo nozzle 0.2 tàbí printer onírésìnì. Ẹ fi PLA (ike tó wọ́pọ̀ fún printer oní-nozzle) dánra wò, kẹ́ ẹ fi náílọ́ọ̀nù ṣe ojúlówó.

Ẹ má fi PLA ṣe nǹkan kan tó máa wọ autoclave (ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò àrùn) láé, 60°C ló ti ń rọ̀, 121°C sì ni autoclave sábà máa ń ṣiṣẹ́. Rotor centrifuge, ìyẹn apá tó ń gbé túùbù yí kíákíá nínú ẹ̀rọ centrifuge, ńkọ́? Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá ń yí ní 4,000 rpm (ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan), túùbù oní gíráàmù 10 tó jìnnà sí àárín ní 10 cm á máa fà bí ẹrù kílò 18, tí ike yẹn bá já, ẹni tó dúró nítòsí ló máa bá.