Bí mo ṣe fi èdè Bọ́mà wé èdè Rọ́ṣíà, àti bí lẹ́tà ṣe ná mi lówó

Ruble 4,600 ni mo san fún ẹni tó bá mi tẹ iṣẹ́ yìí ní ẹ̀dà mẹ́ta, tó sì fi èèpo líle bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, mo tún san ruble 4,600 mìíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ Bọ́mà tó wà nínú ti àkọ́kọ́ ti dàrú, n kò sì mọ̀ títí ìwé fi dé ọwọ́ ẹni tó lè kà á. Inú ń bí mi sí i títí dòní.

Mọ́skò ni mo wà, lọ́dún 2018, mo ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ọdọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ máa ń kọ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní kursovaya. Ọmọbìnrin ará Bọ́mà lèmi àti ẹ̀ jọ ń gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ, kò sì pe orúkọ mọ́ mi lórí rí. “Ama” ló ń pè mí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè wọn. Ọmọ Yorùbá wo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní wù? Orúkọ Bọ́mà pàápàá kò ṣàjèjì sí mi, nítorí pé àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà jagun níbẹ̀ lọ́dún 1944 àti 1945, àwọn àgbà ilé wa sì máa ń dárúkọ ogun náà. Nígbà tí olùkọ́ ní kí n mú èdè méjì tí wọn kò bára tan, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo ṣe wá ìwé kà àti bí mo ṣe to orí iṣẹ́, ẹni tó bá ti kọ iṣẹ́ ilé-ìwé rí mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Nọ́ńbà 33 ló kọ́kọ́ fà mí lójú. Lẹ́tà 33 ni álífábẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ní, 33 náà sì ni Bọ́mà ń kà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín o. Ti Rọ́ṣíà ka kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì pọ̀, ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì nìkan ni 33 ti Bọ́mà, ohùn “a” sì ti wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àmì fáwẹ̀lì yòókù ló máa ń wá bà lé e, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún tàbí lósì.

Ní ti ọ̀rọ̀-orúkọ, ìyàtọ̀ wọn jìnnà. “Kniga” ni ìwé lédè Rọ́ṣíà. Iṣẹ́ tó bá ń ṣe nínú gbólóhùn ló ń sọ ọ́ di knigi, knige, knigu tàbí knigoi, ipò mẹ́fà ni wọ́n sì ní. “Saok” ni ìwé lédè Bọ́mà, saok ló sì máa ń jẹ́. Wọ́n á kàn fi ọ̀rọ̀ kékeré tẹ̀ lé e: saok ko bí a bá ṣe nǹkan sí i, saok hma bí nǹkan bá wà nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi àti àbúrò mi yìí fi jọ ń ṣi ìparí ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà sọ lójoojúmọ́. Èdè tèmi kò yí ọ̀rọ̀ padà, tiẹ̀ náà kò yí i.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé, èmi ni mo sì rí i fúnra mi. Obìnrin ará Rọ́ṣíà tó fẹ́ sọ pé òun dé yóò sọ pé “ya prishla”, ọkùnrin yóò sọ pé “ya prishol”. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló tú àṣírí. Lédè Bọ́mà, ọ̀rọ̀-ìṣe kò sọ nǹkan kan. “Èmi” ló ń sọ ọ́: kyundaw ni ọkùnrin ń pe ara rẹ̀, kyunma ni obìnrin. Èdè méjèèjì fẹ́ mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo ló ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ibi tí kálukú fi í sí yàtọ̀. “Mo dé” tèmi kò béèrè rárá. Olùkọ́ mi fa ìlà pupa sábẹ́ ìpínrọ̀ yẹn, ó kọ “ó dára” sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohùn èdè Bọ́mà náà mú orí mi wú. Khà ni kí a mi nǹkan jìgìjìgì, khá ni kí nǹkan korò, èyí tí wọ́n há lọ́fun tí wọ́n sì gé kúrú jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tó dúró lójijì tún jẹ́ kí a lu nǹkan. Àwọn ọmọ Rọ́ṣíà kíláàsì wa mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, torí pé zámok lédè wọn jẹ́ ilé olódi, zamók jẹ́ àgádágodo. Síbẹ̀ wọn kò gbọ́ ìyàtọ̀ khà àti khá. Èmi tí mo ti ń pe igba, igbá, ìgbà àti igbà láti kékeré gbọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n há lọ́fun nìkan ló gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ohùn tiwọn kì í ṣe gíga àti ìsàlẹ̀ nìkan.

Ó wá ku títẹ̀.

Àpẹẹrẹ 40 ló wà nínú iṣẹ́ náà. Àbúrò mi fi fóònù rẹ̀ tẹ 23 ránṣẹ́ sí mi. Mo da 17 kọ láti orí Wikipedia èdè Bọ́mà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà Bọ́mà lásìkò yẹn, Zawgyi àti Unicode. Zawgyi ló pọ̀ jù lórí fóònù àwọn èèyàn, Unicode ni Wikipedia ń lò. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà; nọ́ńbà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, ṣùgbọ́n wọn kì í lò ó bákan náà. Ẹ wo àmì ေ. Ẹ̀yìn kọ́ńsónáǹtì là ń pè é, apá òsì la sì ń kọ ọ́ sí. Bí ojú ṣe rí i ni Zawgyi ṣe ń tọ́jú rẹ̀: àmì ṣáájú, kọ́ńsónáǹtì tẹ̀ lé e. Unicode ń fi í sẹ́yìn, fọ́ǹtì, ìyẹn ohun tó ń ya lẹ́tà sójú kọ̀ǹpútà, ni yóò gbé e lọ sósì. Bí ẹ bá ṣí ti Zawgyi pẹ̀lú fọ́ǹtì Unicode, àmì náà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ róbótó tótòtó kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, àwọn tó kù á sì gun ara wọn.

Kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé náà kò ní Zawgyi. Atẹ̀wé náà fi ojú ìwé kan hàn mí kó tó tẹ̀ ẹ́, ó béèrè bóyá ó dára. Lẹ́tà Bọ́mà jẹ́ róbótó róbótó tẹ́lẹ̀, mo rò pé ara wọn ni àwọn tótòtó yẹn. Mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ìwé tí mo fọwọ́ sí ló nà sí mi, kò sì dá kọ́bọ̀ padà. Mo gbà pé mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé títẹ̀ yẹ kó mọ̀ pé kò sí èdè tó ń fi tótòtó róbótó kọ ọ̀rọ̀, kó sì bi mí ní ìbéèrè kan péré.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí ètò kan tó ń sọ Zawgyi di Unicode. Mo da gbogbo iṣẹ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn. Àpẹẹrẹ 23 ti àbúrò mi tò dáadáa, 17 tó ti dára tẹ́lẹ̀ bàjẹ́ pátápátá. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé, “Ama, èyí kò ní ìtumọ̀.” Òru mẹ́ta la fi ya wọ́n sọ́tọ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Òun ló sọ fún mi pé nọ́ńbà tí Unicode yà sọ́tọ̀ fún èdè Mon, Shan àti Karen, àwọn èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní Bọ́mà, ni Zawgyi gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyẹn dùn mí ju owó lọ, nítorí mo mọ ìyà tí ẹ́ àti ọ́ tiwa ń jẹ nígbà tí àmì orí bá fò kúrò lórí lẹ́tà.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni Míáńmà, ìyẹn orúkọ tí Bọ́mà ń jẹ́ báyìí, kéde pé Unicode làwọn ń lò. Ó ti pẹ́ jù fún mi.

Bí ẹ bá máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, pàápàá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ lórí fóònù ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè ètò tó fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ sínú fáìlì kan. Ẹ gbé PDF lọ fún atẹ̀wé, kí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó lè ka èdè náà ni kó wo ojú ìwé ìdánwò, kì í ṣe ẹ̀yin. Ká ní mo mú àbúrò mi lọ sí ilé ìtẹ̀wé lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìbá gbà á.

Nígbà kejì, mo mú un lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ka àpẹẹrẹ 40 jáde láti orí títí dé ìdí, atẹ̀wé náà ń wò ó. Àbúrò mi kò fọwọ́ sí nǹkan kan títí ó fi ka èyí tó gbẹ̀yìn tán.