Ẹ jókòó kí ẹyẹ òkun wá bá yín: bí mo ṣe wo Galápagos

Ọmọ aláró Ìtókú l'Abẹ́òkúta ni mí. Ọjọ́ tí mo rí ẹyẹ òkun tí wọ́n ń pè ní booby ní erékùṣù North Seymour, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Galápagos, "Àyìnrín!" ni mo ké. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rí bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wọ́n nínú ìkòkò aró.

Ecuador ló ni àwọn erékùṣù Galápagos, nínú òkun Pàsífíìkì, nǹkan bí 1,000 kìlómítà sí ilẹ̀ wọn gan-an. Ọkọ̀ ojú omi elérò 16 ni kí ẹ wá. Afinimọ̀nà kan kò gbọdọ̀ kó ju èèyàn 16 lọ, nítorí náà nínú ọkọ̀ ńlá, ẹ ó kàn máa dúró de ara yín ni.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mọ ẹyẹ tó wù yín. Bó bá jẹ́ albatross, ẹyẹ òkun ńlá abìyẹ́ gígùn, erékùṣù Española ni, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kejìlá. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ti fò lọ sójú agbami. Oṣù Kẹwàá ni èmi lọ, ìgbì sì ń bẹ. Ẹ lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ìgbì mú yín bì kí ọkọ̀ tó ṣí. Èmi ní kí èébì kọ́kọ́ gbé mi ná, odidi ọjọ́ kan ló gbà lọ́wọ́ mi. Awò awọ̀nàjíjìn 8x42, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́jọ, ni kí ẹ mú. Èyí tó bá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ á máa gbọ̀n lójú omi.

Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fóònù sáré kiri. Ẹ yan ẹyẹ kan, ẹ jókòó lójú ọ̀nà tí wọ́n fi àmì sí, ẹ fi mítà 2 sílẹ̀ bí òfin ṣe wí. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi wo tọkọtaya booby kan. Akọ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń jó àpàlà. Ó na ẹnu sókè, ó tẹ́ ìyẹ́, ó súfèé. Ohùn kíkẹ̀ ni abo fi dá a lóhùn. Bí wọn kò bá fọhùn, ẹ wo ojú wọn: dúdú ojú abo ló máa ń dà bíi pé ó tóbi jù. Akọ wá he igi kékeré kan, ó gbé e síwájú ìyàwó. Wọn kì í fi igi kọ́ ìtẹ́ o, ilẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Ẹ̀bùn ni.

Ẹ gbójú sókè náà. Ẹyẹ frigate, tí akọ rẹ̀ ń fẹ́ àpò pupa ọ̀fun bíi fèrè ọmọdé, kò lè balẹ̀ sómi, ìyẹ́ rẹ̀ yóò rin. Ìdí nìyẹn tó fi ń lé booby títí tí yóò fi pọ ẹja tó ti gbé mì.

Bí ọmọ kìnnìún òkun (sea lion, ẹran inú omi tó máa ń gun etíkun) bá wá gbóòórùn bàtà yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òórùn wà lára ohun tí ìyá rẹ̀ fi ń dá a mọ̀.

Lálẹ́, ẹ má tètè sùn. Ẹ lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tó bá ń rìn. Ẹyẹ òkun onírù alápàńdẹ̀dẹ̀ máa ń ṣọdẹ squid, ẹran omi ọlọ́wọ́ púpọ̀, lóru, ó sì máa ń bá ọkọ̀ fò. Wọ́n súnmọ́ wa débi pé mo rí òrùka pupa tó yí ojú wọn ká.