Bí A Ṣe Ń Yẹ Ẹ̀dà Fíìmù Ẹ̀wọ̀n Àtijọ́ Wò Kí A Tó Rà Á, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tó bá ń kó fíìmù àtijọ́ jọ kò gbọdọ̀ gbójú fo Riot in Cell Block 11, fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun nípa ọ̀tẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, tí Don Siegel darí, tó sì jáde ní ọdún 1954. Kò ní òṣèré tí orúkọ rẹ̀ ń fa èrò sí ilé sinimá nígbà náà, mo sì gbà pé èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tètè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Folsom gan-an, ní California, ni wọ́n ti yà á, àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti wọ́dà ibẹ̀ sì wà lára èrò tí a ń rí nínú rẹ̀. Walter Wanger tó gbé e jáde ti ṣẹ̀wọ̀n rí, èyí sì hàn nínú bí fíìmù náà ṣe fara balẹ̀ gbọ́ ẹ̀hónú àwọn ẹlẹ́wọ̀n láì sọ wọ́n di ẹni mímọ́.

Bí ẹ bá rí ẹ̀dà 16mm, ìyẹn èyí tí ìbú fíìmù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà mẹ́rìndínlógún, gígùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Fíìmù náà tó 80 ìṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ bàtà 36 ni fíìmù 16mm tó ní ohùn ń gbà ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà odindi rẹ̀ yóò tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,880, tí í sábà wà nínú rọ́ọ̀lù ńlá méjì. Bí olùtà bá gbé rọ́ọ̀lù kan ṣoṣo wá, ẹ̀dà gígé ni, ó sì lè jẹ́ pé àwọn ìran inú àgbàlá ẹ̀wọ̀n, tó jẹ́ ọkàn fíìmù náà, ni wọ́n yọ. Ẹ má san owó odindi fún un.

Ẹ wo etí fíìmù náà pẹ̀lú. Àwọn àmì kéékèèké tí Kodak, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike fíìmù, máa ń tẹ̀ síbẹ̀ ń tọ́ka sí ọdún tí wọ́n ṣe ike náà, àmọ́ àmì kan náà tún máa ń padà wá lẹ́yìn ogún ọdún, nítorí náà àmì nìkan kò tó láti fi mọ ọdún náà dájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí agolo tí fíìmù náà wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá ń kan bíi fínígà, ike fíìmù náà ti ń bàjẹ́. Ìbàjẹ́ yìí lè ran fíìmù mìíràn, nítorí náà ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó dára. Bó bá ti sún kì, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ tí a fi ń wo fíìmù, kí eyín ẹ̀rọ má baà fa ihò etí rẹ̀ ya.

Ooru àti ọ̀rinrin ló ń yára ba fíìmù jẹ́, a sì ní méjèèjì ní Ifẹ̀. Yàrá ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Ìrẹ̀mọ tàbí Ìlódè sábà máa ń tutù ju yàrá tí páànù wà lórí rẹ̀ tààrà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ń gba ilẹ̀ wá, nítorí náà orí pẹpẹ ni kí fíìmù wà, kó jìnnà sí ògiri. Ẹ pààrọ̀ agolo tó ti dógùn-ún. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ẹ rọra tú u, kí ẹ sì tún un wé, láì jẹ́ kí ìka kan àwòrán.