Bí mo ṣe lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nítorí ẹnjiníà kan ní Tokyo

Owó alárinà ló bí mi nínú tí mo fi dáwọ́ lé iṣẹ́ wíwá òṣìṣẹ́ fúnra mi. Start-up kékeré kan, ilé-iṣẹ́ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí, ní Gotanda ní Tokyo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa mẹ́sàn-án péré. Nígbà tí a nílò ẹnjiníà kan sí i, a gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ lọ. Wọ́n mú un wá lóòótọ́. Owó ọdún rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 8 yen, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì ni tiwọn, ìyẹn mílíọ̀nù 2.8. Kí n tó mí kanlẹ̀, owó orí ọjà ìdá 10 tún gorí ẹ̀, ó di 3,080,000 yen. A san án. Oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin náà kọ lẹ́tà pé òun ń lọ.

Mo sáré ṣí ìwé àdéhùn. Bí ó bá lọ kí oṣù kan tó pé, wọ́n á dá ìdá 80 padà. Bí oṣù mẹ́ta kò bá tíì pé, ìdá 50. Bó bá ti kọjá ìyẹn, kọ́bọ̀ kò sí. Ọjọ́ mọ́kànlá ló já wa kulẹ̀! Nílé wa, wọ́n máa ń sọ pé ìyàwó mojú ọkọ, alárinà yẹ̀ba. Ti Tokyo náà ń yẹ̀ba o, àmọ́ owó mọ́tò tuntun ló gbé dání lọ.

Ni mo bá sọ fún ọ̀gá wa (mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí) pé èmi ni màá wá ẹni tó kàn. Ẹ má rò pé mo mọ iṣẹ́ náà. Ètò ABE Initiative, tí ìjọba Jàpáàn fi ń mú àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà wá kàwé, ló gbé mi débí. Kọ̀ǹpútà ni mo kọ́, n kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn síṣẹ́.

Kíkọ ìpolówó, gbígbé e sí Wantedly (ìkànnì tí wọ́n ti ń wá òṣìṣẹ́), ìdánwò kóòdù, gbogbo ìyẹn kò le, ẹ máa ṣe é. Àfi pé nígbà tí mo ń ṣe é, Wantedly kì í jẹ́ kéèyàn kọ iye owó oṣù síbẹ̀, nítorí náà mo ní láti wá nǹkan mìíràn sọ nípa wa. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe wèrè ni ohun tí wọ́n ń pè ní kajuaru mendan. Mo rò pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni. Mo jókòó sẹ́yìn tábìlì, mo bi ẹni àkọ́kọ́ pé, "Kí ló dé tí ẹ fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́?" Ó wò mí. Kò tíì ní òun fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́. Ó wá mọ irú ẹni tí a jẹ́ ni. Àwa ló yẹ ká máa polówó ara wa fún un. Èèyàn mẹ́ta ni mo fi ìbéèrè yẹn lé lọ kí ẹnì kan tó ṣàlàyé fún mi.

Ẹni kẹrin ló wù wá. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti lò ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, kì í pariwo. Ìpàdé mẹ́rin la ṣe. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, a fún un ní ìwé ìgbàsíṣẹ́, ó ní òun gbà. Inú mi dùn débi pé mo ti ń ṣírò iye tí mo bá wọn fi pamọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó kọ̀wé pé ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣeé ṣe mọ́. Mo bi í léèrè bóyá owó ni. Rárá. Ṣé iṣẹ́ náà ni? Rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fọgbọ́n wádìí kó tó sọ ọ́ jáde: ìyàwó òun kò gbà.

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Àfi ìgbà tí mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń ṣírò owó fún wa, tó rẹ́rìn-ín, tó ní, "Haa, yome burokku." Wọ́n ní orúkọ fún un! Yome ni ìyàwó, burokku ni pé ó dí ọ̀nà. Ọkọ fẹ́ kúrò ní ilé-iṣẹ́ ńlá lọ sí start-up, ìyàwó ní ẹsẹ̀ ẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé n kò tilẹ̀ lè béèrè níbẹ̀rẹ̀, torí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera àti iṣẹ́ ti kìlọ̀ pé kí agbanisíṣẹ́ má máa tú ọ̀rọ̀ ẹbí lábẹ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mo gbà. Àmọ́ ẹbí tí o kò gbọ́dọ̀ béèrè, òun náà ló ń dìbò kẹ́yìn.

Mo jókòó, mo ronú, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi rárá. Ta ló ń fẹ́yàwó nílé wa láìlọ rí ẹbí? Mo ní kó bá mi bi ìyàwó rẹ̀ bóyá á gbà kí n wá kí wọn. Ojú ti ọkùnrin náà gan-an. Ìyàwó ní kí n máa bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kawaguchi, mo gbé páálí yokan dání, ìpápánu dídùn tí wọ́n ń fi ẹ̀wà pupa ṣe, 3,240 yen. Ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ la ti pàdé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un; díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀. Ọmọ wọn ń to ọ̀dùnkún díndín sórí tábìlì ní ìlà gbọọrọ. Ìyàwó yọ ìwé kékeré kan nínú báàgì. Ó ti kọ ìbéèrè sínú rẹ̀, ó fi nọ́ńbà sí i.

Èkíní: adójútòfò ìlera wọn ńkọ́? Mo ṣàlàyé pé ilé-iṣẹ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ì báà jẹ́ ẹnì kan ló wà níbẹ̀, dandan ni kó fi òṣìṣẹ́ sínú kenkō hoken (adójútòfò ìlera) àti kōsei nenkin (owó ìfẹ̀yìntì). Ó fi bírò sàmì sí i. Èkejì: wọ́n fẹ́ yá owó báńkì ra ilé, báńkì sì máa ń wo ọdún tí èèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Níbí yìí n kò ní èsì. Mo ní òótọ́ ni, yóò dí wọn lọ́wọ́. Ó tún sàmì sí i. Ẹ̀kẹta: "Owó tó wà lápò yín báyìí, oṣù mélòó ló lè gbé yín dé?"

Ọkọ rẹ̀ kò bi wá ní ìbéèrè yìí rí nínú ìpàdé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gbé omi mu. Mo ní oṣù 19. Ó kọ 19, ó fi òbírí yí i ká, ó wá ní, "Mo rò pé ẹ ò ní sọ fún mi ni."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n gbà. Ọ̀rọ̀ ilé, wọ́n ní àwọn á sún un síwájú. Ọ̀gá wa bínú pé mo tú àṣírí àpò wa. Mo ní ìgbà mìíràn kí òun náà gbé yokan dání lọ.

Ẹ má tíì yọ̀. Bónọ́ọ̀sì oṣù Kejìlá ń bọ̀, ẹni tí kò bá sì sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ìsanwó kò ní fojú kàn án ní ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà. Ta ló máa fi ìyẹn sílẹ̀? Lẹ́yìn tó gbà á ló tó fi lẹ́tà sílẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì dá lẹ́tà náà padà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń pariwo pé Minpō, ìwé òfin aráàlú ti Jàpáàn, abala 627, ní ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Ó ní ìlànà ilé-iṣẹ́ àwọn ní oṣù kan, òun kò sì fẹ́ fi ìjà kúrò. Ó lo oṣù kan, ó tún lo ìsinmi tó kù fún un. Oṣù Kejì ló wọlé.

Oṣù márùn-ún ó lé láti ìgbà tó kọ́kọ́ ní òun gbà. Ọ̀gá ní alárinà ì bá yá jù bẹ́ẹ̀. Mo ní kó san 3,080,000 kí n wò ó. Bí n bá tún un ṣe, ọjọ́ tí mo bá fún èèyàn ní ìwé ni màá fi ojú ewé kan kún un fún ará ilé rẹ̀: adójútòfò, owó oṣù, iye oṣù tí owó wa lè gbé wa. Màá sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, kí bónọ́ọ̀sì oṣù Keje má fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

A tún ń wá ẹlòmíràn báyìí. Ọmọ ọdún 26 ni, kò tíì gbéyàwó. Lánàá ó ní òun gbà, àmọ́ màmá òun ní Nagoya fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ ná.