Kí ló dé tí okùn ọ̀ṣọ́ mi ń lọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Mò ń fi okùn òwú ta ọ̀ṣọ́ tí màá gbé kọ́ ògiri, èyí tí wọ́n ń pè ní macramé. Mo fẹ́ kí kókó rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ ṣe ló ń lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbẹ́ kan náà lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ni. Okùn mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ yín: méjì àárín tó kàn dúró, àti méjì ẹ̀gbẹ́ tó ń ta kókó. Ẹ mú ti òsì gba iwájú àwọn ti àárín, kó wọ abẹ́ ti ọ̀tún. Ẹ wá mú ti ọ̀tún gba ẹ̀yìn àwọn ti àárín, kó yọ síwájú nínú ihò tó wà lósì. Ẹ fà á. Ìdajì kókó nìyẹn; ọ̀tún ni ìdajì kejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdajì kan ṣoṣo lẹ ń tún ta, dandan ni kó lọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ ta á bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń rẹwà gan-an.

Ohun tó yọ mí nínú àṣìṣe yìí rèé: mo we téèpù pupa mọ́ ìdí okùn òsì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú kókó tó tẹ́, okùn kan náà ló ń gba iwájú lẹ́ẹ̀mejèèjì: á lọ sọ́tùn-ún, á padà sósì. Bí mo bá ti rí okùn tí kò ní téèpù níwájú, màá tú u kíá. Ẹ má dúró dìgbà tó bá di kókó mẹ́wàá o, torí okùn òwú tí wọ́n ń tú léraléra máa ń hu irun.

Ìbéèrè: Okùn ẹ̀gbẹ́ ti fẹ́ tán, ti àárín ṣì gùn gbọọrọ. Ṣé kí n so òmíràn mọ́ ọn?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì so ó. Kókó ló ń jẹ okùn ẹ̀gbẹ́, kò sí ohun tó ń jẹ ti àárín. Ẹ pààrọ̀ wọn: ẹ fa ti àárín sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ fi èyí tó kúrú sí àárín, kẹ́ ẹ máa ta lọ. Bẹ́ ẹ bá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti pààrọ̀, á dà bíi pé ọnà ni.

Lọ́jọ́ mìíràn, bí iṣẹ́ yóò bá gùn tó mítà 1, ẹ gé okùn kọ̀ọ̀kan ní mítà 8, torí ẹ máa ṣẹ́ ẹ po sórí ọ̀pá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì jẹ́ mítà 4. Ó sàn kó ṣẹ́ kù ju kó má tó lọ.

Ìbéèrè: Òkè iṣẹ́ mi fẹ̀, ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀.

Ìdáhùn: Ọwọ́ yín ló ń le sí i bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ẹ fi páálí tó fẹ̀ tó ìka kan sáàárín ìlà kókó sí ìlà kókó, kí àlàfo wọn lè dọ́gba.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi iná jó ẹnu okùn kó má bàa tú?

Ìdáhùn: Ti náílọ́ọ̀nù nìkan, torí òun máa ń yọ́, á sì lẹ̀ pọ̀. Òwú á gbiná ni. Ẹ ta kókó sí ẹnu tiẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ kùn ún.